Ìbò Ará Ìlú Lórí Àjẹsára Ọmọ Iléèwé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Gbogbo wa la mọ̀ pé ìjọba lè fi òfin sọ àjẹsára di dandan. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àwọn ìlú kan wà tí wọ́n ti gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ síwájú ará ìlú, tí oníkálukú sì tẹ̀ka sí "bẹ́ẹ̀ni" tàbí "bẹ́ẹ̀kọ́". Ó ṣẹlẹ̀ ní Swítsàlandì, ó ṣẹlẹ̀ ní Kalifọ́níà àti Oregon, ìpínlẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, ó sì tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Maine lọ́hùn-ún kan náà ní 2020. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì ní sọ abẹ́rẹ́ tí ẹ máa gbà fún ọmọ yín. Ìtàn àwọn ìbò náà ni mo fẹ́ sọ.

Irú ìbò wo là ń sọ gan-an?

Kì í ṣe ìbò gómìnà tàbí ti ààrẹ. Òfin fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń dìbò lé lórí, èyí tí àwọn oníròyìn ń pè ní rẹfẹrẹ́ńdọ̀ọ̀mù. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ wa lára ní Nàìjíríà. Ìwé òfin 1999 fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún dídá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ àti fún pípe aṣòfin padà sílé, ó tán. Èyí tí àwọn àgbàlagbà wa lè rántí ni ti July 1963, nígbà tí wọ́n dìbò yọ Mid-West kúrò lára Western Region.

Ọ̀nà méjì ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ olùdìbò. Nígbà mìíràn, ilé aṣòfin á ti ṣe òfin tán, àwọn tí inú wọn kò dùn sí i á kó ìbuwọ́lù jọ kí wọ́n lè fi ìbò yí i dànù: bí ti Swítsàlandì ní 1882 àti Maine ní 2020 ṣe rí nìyẹn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ará ìlú fúnra wọn ló ń kọ òfin tí wọ́n fẹ́, tí wọ́n á sì ní kí gbogbo ìlú dìbò sí i. Ti Kalifọ́níà àti Oregon ní 1920 nìyẹn.

Ta ló kọ́kọ́ so àjẹsára mọ́ iléèwé?

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Massachusetts ni, ní 1855. Ọmọ tí wọn kò bá tíì bùpá fún (ìyẹn àjẹsára ṣọ̀pọ̀ná) kò ní wọ iléèwé ìjọba. Ìlú Ọba ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 1853, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni wọ́n fi mú, kì í ṣe ọmọ iléèwé. Jámánì mú méjèèjì pọ̀ ní 1874: wọ́n á bùpá fún ọmọ kó tó pé ọdún méjì, wọ́n á tún un ṣe nígbà tó bá tó bí ọmọ ọdún méjìlá níléèwé.

Ìdí tó fi jẹ́ iléèwé kò ṣòro. Ibẹ̀ ni rẹ́jísítà wà. Òṣìṣẹ́ ìlera tó ń kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé á pàdé ilẹ̀kùn títì. Tíṣà tó ń pe orúkọ láràárọ̀ mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Swítsàlandì ní 1882?

Ogun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní February 1871, nígbà tí ogun Fáransé àti Jámánì ń parí lọ, ọmọ ogun Fáransé bí 87,000, tí ebi àti òtútù ti fojú wọn rí màbo, sá wọ Swítsàlandì. Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ wọn ní ẹnubodè, wọ́n sì pín wọn káàkiri ìlú àti abúlé. Ṣọ̀pọ̀ná bá wọn wọlé, ó sì jà rànyìn. Látìgbà náà ni àwọn dókítà ti ń pariwo pé kí ìjọba àpapọ̀ ní Bern ṣe òfin kan tí yóò kárí, nítorí pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀. Ibì kan ti sọ bùpá di dandan, ibòmíràn kò tilẹ̀ bìkítà.

Òfin náà jáde ní January 1882. Wọ́n á bùpá fún gbogbo ọmọ, òbí tó bá sì fárígá á san owó ìtanràn. Àmọ́ ìwé òfin ilẹ̀ náà ní ìjánu kan: bí ènìyàn 30,000 bá buwọ́ lùwé láàárín 90 ọjọ́, òfin gbọ́dọ̀ lọ síwájú ará ìlú. Àwọn alátakò kó ìbuwọ́lù tó ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ. Aṣáájú wọn kan, Adolf Vogt, kì í ṣe púrúǹtù tàbí oníṣègùn ojú títì; ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìmọ́tótó ni ní yunifásítì Bern. Ẹni tó bá rò pé àwọn tí kò kàwé nìkan ló ń ta ko àjẹsára láyé ìgbà yẹn, kó rántí ọkùnrin yìí.

Ní July 30, 1882, àwọn 68,027 ní bẹ́ẹ̀ni, àwọn 254,340 ní bẹ́ẹ̀kọ́. Nínú ènìyàn márùn-ún tó dìbò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́rin ló ní kí Bern gbé òfin rẹ̀ jókòó.

Ṣé wọ́n kórìíra àjẹsára tó bẹ́ẹ̀ ni?

Àwọn kan kórìíra rẹ̀, mi ò jiyàn. Ẹ̀rù sì wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: láyé ìgbà yẹn, wọ́n sábà máa ń mú omi egbò láti apá ọmọ kan sí apá ọmọ mìíràn, àrùn rẹ́kórẹ́kó (sífílíìsì) sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Òbí tó bá ti gbọ́ irú ìyẹn rí, ẹ má dá a lẹ́bi pé ó fà sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ìjọba padà lọ tún òfin náà kọ, wọ́n yọ ọ̀ranyàn bùpá kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, wọ́n fi ohun tó kù sílẹ̀: kíkéde àrùn, yíya aláìsàn sọ́tọ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ti 1886 nìyẹn, ó sì dúró. Ohun tó ń bí wọn nínú jù ni pé Bern fẹ́ na ọwọ́ wọ inú ilé wọn. Ní November ọdún 1882 yẹn kan náà, wọ́n tún dìbò lòdì sí ètò tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi yan akọ̀wé kan sórí ọ̀rọ̀ iléèwé. Kò sí abẹ́rẹ́ kankan nínú ìyẹn o.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan, Zürich wà lára wọn, tilẹ̀ tẹ̀ síwájú láti fagi lé ọ̀ranyàn tiwọn náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Ọkùnrin nìkan ló dìbò ní 1882. Àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ lọ fún bùpá, tí wọ́n ń ṣọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná mọ́jú, wọn kò ní ìbò kankan. Ọdún 1971 ni obìnrin ilẹ̀ náà tó gba ẹ̀tọ́ àtidìbò lórí ọ̀rọ̀ ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìwé ìtàn bá sọ pé "ará ìlú kọ̀ ọ́", ẹ bi í léèrè pé ará ìlú wo.

Ṣé Swítsàlandì ṣì dúró lórí bẹ́ẹ̀kọ́ yẹn?

Rárá. Ní September 22, 2013, wọ́n dìbò lórí òfin àjàkálẹ̀ àrùn tuntun, bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún sì fọwọ́ sí i. Òfin yẹn fún ìjọba lágbára láti sọ àjẹsára di dandan fún àwọn ènìyàn kan pàtó nígbà ewu, kì í ṣe fún gbogbo ọmọ tó ń lọ síléèwé. Lẹ́yìn kòrónà, àwọn kan gbé àbá mìíràn dìde láti kọ ọ́ sínú ìwé òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ipá fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́, tàbí kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ torí pé ó kọ̀. Ní June 9, 2024, nǹkan bí 74 nínú ọgọ́rùn-ún dìbò lòdì sí àbá náà.

Ti Kalifọ́níà àti Oregon ńkọ́?

Ní November 2, 1920, ọjọ́ tí wọ́n dìbò yan Warren Harding ní ààrẹ Amẹ́ríkà, ìwé ìdìbò Kalifọ́níà kún fún àwọn àbá òfin lóríṣiríṣi. Nọ́ńbà 6 nínú wọn ló kan àjẹsára. Ohun tó sọ ni pé iléèwé ìjọba kankan, láti kékeré títí dé yunifásítì, kò gbọ́dọ̀ fi àjẹsára ṣe ìdí tí wọn kò fi ní gba ọmọ wọlé.

Ẹ wo àwọn tó bá a jókòó lórí ìwé kan náà: nọ́ńbà 5 wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ọwọ́ to eegun ẹ̀yìn, tí wọ́n ń wá ìwé àṣẹ tiwọn, nọ́ńbà 7 fẹ́ dá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dúró láti máa fi ẹranko alààyè ṣe ìwádìí. Ìjà pẹ̀lú àwọn dókítà ni gbogbo rẹ̀, oníkálukú gba ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ wọlé. Àwọn dókítà náà kò sùn. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n sì bá gbogbo àwọn àbá náà jà pọ̀.

Àbá tó kan àjẹsára gba bẹ́ẹ̀ni 359,987 àti bẹ́ẹ̀kọ́ 468,911. Ó ṣubú, ṣùgbọ́n kò ṣubú yakata: ó lé ní 43 nínú ọgọ́rùn-ún tó fẹ́ ẹ. Oregon dìbò lórí irú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ibẹ̀ ló ti ṣubú yakata. Nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ló kọ̀ ọ́. Obìnrin dìbò nínú méjèèjì yìí. Kalifọ́níà ti fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti 1911, Oregon láti 1912.

Kí ni ilé-ẹjọ́ ń sọ ní gbogbo àkókò yìí?

Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà ti sọ tirẹ̀ ní 1905. Henning Jacobson, pásítọ̀ kan ní Cambridge, Massachusetts, kọ bùpá, wọ́n bu owó ìtanràn dọ́là 5 lé e, ó gbé ẹjọ́ náà dé òkè pátápátá. Adájọ́ méje sí méjì ló dá a lẹ́bi. Ní 1922, ẹjọ́ kan láti San Antonio, ní Texas, mú ọ̀rọ̀ iléèwé gan-an wá, gbogbo adájọ́ sì fohùn ṣọ̀kan pé ìlú lè ní kí ọmọ gba àjẹsára kó tó wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé-ẹjọ́ sọ ni pé ìjọba *lè* ṣe é. Kò sọ pé ó *gbọ́dọ̀* ṣe é, ibẹ̀ ni ìbò ti ráyè wọlé.

Níbi tí wọn kò ti bi ará ìlú léèrè, kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ lọ bi Rio de Janeiro. Ní October 31, 1904, ilé aṣòfin Bràsíl fọwọ́ sí òfin bùpá tí Oswaldo Cruz, ọ̀gá ìlera, ń lé kiri. Nígbà tí ìlànà rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn, àwọn ènìyàn rí i pé láìsí ìwé ẹ̀rí bùpá, ọmọ kò ní wọ iléèwé, àgbà kò ní ríṣẹ́, kò ní rìnrìn àjò, kò tilẹ̀ ní gbéyàwó. Ìlú gbiná. Láti November 10 ni wọ́n ti ń dojú ọkọ̀ ojú irin ìgboro dé, tí wọ́n ń hú òkúta ojú títì, tí wọ́n sì ń fi dí ọ̀nà.

Àdúgbò Saúde, létí èbúté, ni ìjà ti le jù. Agbègbè yẹn ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tó ṣí wá láti Bahia ń gbé, àwọn tó gbé òrìṣà wa dání wá síbẹ̀, Ọbalúayé pẹ̀lú, tó ni àrùn náà gan-an. Ọ̀kan nínú àwọn olórí ìjà, aláwọ̀ dúdú kan tó mọ kàpóéírà (ijó-ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú Bràsíl) jà, tí wọ́n ń pè ní Prata Preta, ni wọ́n mú tí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé lọ sí Acre, nínú igbó kìjikìji. Bí 30 ènìyàn ló kú. Ní November 16, ìjọba dá ọ̀ranyàn náà dúró. Ẹ má gbàgbé pé ìjọba yìí kan náà ń wó ilé àwọn tálákà palẹ̀ lórúkọ ìmọ́tótó lọ́dún yẹn. Bùpá wá bá ìbínú nílẹ̀ ni.

Ti Keighley, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò ní ìbò lórí òfin, wọ́n bá dìbò yan ẹni tí kò ní mú òfin ṣẹ sínú ìgbìmọ̀ tó yẹ kó máa fi ìyà jẹ àwọn òbí. Ní 1876, ìjọba kó méje nínú ìgbìmọ̀ náà lọ sẹ́wọ̀n ní York Castle, èrò sì tú jáde láti sìn wọ́n bí ẹni ń sin akọni lọ sójú ogun.

Ìbò Maine ti 2020 ńkọ́? Ó dà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ni ni bẹ́ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ní May 2019, gómìnà Janet Mills buwọ́ lu òfin kan tó sọ pé òbí kò lè sọ mọ́ pé ẹ̀sìn tàbí èrò ọkàn òun kò gba àjẹsára. Bí kò bá ti sí ìwé dókítà pé ara ọmọ kò gbà á, ọmọ á gbà á kó tó wọ iléèwé. Ìdí wọn ni pé iye àwọn tó ń lo àyè yẹn ti pọ̀ jù, ikọ́ àwúbì sì ń jà ní Maine ju ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ.

Àwọn alátakò nílò ìbuwọ́lù 63,067, wọ́n sì rí i kó. Ìbéèrè tó wá wà lórí ìwé ìdìbò ni pé, ṣé o fẹ́ *kọ* òfin tuntun tó *mú* ìyọ̀ǹda ẹ̀sìn àti ti èrò ọkàn *kúrò*? Ẹ tún un kà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀ranyàn àjẹsára dúró, bẹ́ẹ̀kọ́ ni yóò tẹ̀ka sí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyọ̀ǹda padà, bẹ́ẹ̀ni ni tirẹ̀. Bí ènìyàn bá wọ ibẹ̀ láìtíì jẹun, ó lè dìbò lòdì sí ara rẹ̀.

Pátákó tí àwọn alátakò gbé kalẹ̀ lójú títì kò tilẹ̀ dárúkọ àjẹsára. Ohun tó kọ ni pé kí ènìyàn dìbò bẹ́ẹ̀ni láti kọ àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ńláńlá. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: àwọn tó fẹ́ràn ilé-iṣẹ́ oògùn kò pọ̀ níbikíbi, àmọ́ àwọn tí ọmọ wọn ti gba àjẹsára pọ̀ gan-an.

Ìbò wáyé ní March 3, 2020. Nǹkan bí 73 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ̀ka sí bẹ́ẹ̀kọ́, òfin sì dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 2021. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìbò yẹn ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Maine. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀rù kòrónà ló jẹ́ kí òfin náà borí. Àárín àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn lọ́hùn-ún ni kòrónà ṣì wà nígbà yẹn, Maine kò tíì mọ̀ ọ́n lójú.

Kalifọ́níà tún ṣe irú òfin yẹn ní 2015. Kí ló dé tí wọn kò dìbò lórí rẹ̀?

Ìbuwọ́lù kò pé. Èéyi ti jà láti ọgbà eré Disneyland ní ìparí 2014, gómìnà Jerry Brown sì buwọ́ lu òfin tó fagi lé ìyọ̀ǹda èrò ọkàn ní June 2015. Àwọn alátakò gbìyànjú láti gbé e lọ sí ìbò, wọn kò rí tó.

Lójú tìrẹ, ṣé ó yẹ kí ará ìlú máa dìbò lórí ọ̀rọ̀ dókítà?

Ìbò kò lè sọ bóyá abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́. Bí gbogbo Swítsàlandì bá dìbò pé ṣọ̀pọ̀ná kì í ranni, á ṣì máa ran wọ́n. Ohun tí mo rò pé ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ni ti ipá: ta ni ẹ óò fi mú, ìyà wo ni ẹ óò fi jẹ ẹ́, ta ló máa jẹ́ onídàájọ́. Àwọn olùdìbò tí mo kà ìtàn wọn yìí mọ ìyàtọ̀ náà ju bí àwọn olóṣèlú ṣe rò lọ. Swítsàlandì kọ èyí tó mú gbogbo ọmọ, ó sì gba èyí tó ní ààlà. Maine gbà á, torí pé ọmọ tí ara rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́ ṣì ní ọ̀nà àbáyọ lọ́dọ̀ dókítà.

Ohun tí n kò fara mọ́ ni ìbéèrè tí wọ́n bá kọ lọ́nà tí ènìyàn kò fi ní mọ ohun tó ń dìbò sí. Ti Maine yẹn kò dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbájáde rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn.

Nàìjíríà ńkọ́? Ṣé a ti dìbò rí?

A kò dìbò rí. Àwa ò tilẹ̀ rí ìwé ìdìbò nígbà tí ìjọba amúnisìn fòfin de ẹgbẹ́ àwọn abọ̀rìṣà Ṣọ̀pọ̀ná ní 1917, lẹ́yìn tí Dókítà Oguntola Sapara ti wọ inú ẹgbẹ́ náà lọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní kọ̀rọ̀. Ìpolongo bùpá ti ìparí àwọn ọdún 1960 ló wá lé àrùn náà lọ. May 1970 la rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Àwọn tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún lónìí, ẹ ní kí wọ́n ká apá aṣọ sókè, ẹ óò rí àpá rẹ̀.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti sọ di tiwọn, ní kí òbí rí i pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì gba gbogbo àjẹsára rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó san owó ìtanràn. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń mú un ṣẹ tó.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Maine lọ́dún yìí. Kí ló yẹ kí wọ́n mọ̀?

Kí wọ́n wá káàdì àjẹsára àwọn ọmọ jáde báyìí, kí wọ́n má dúró dìgbà tí ìwé ìrìnnà bá jáde. Bó bá ti sọnù, kí wọ́n padà sí ilé ìlera tí ọmọ ti gba abẹ́rẹ́, rẹ́jísítà lè ṣì wà níbẹ̀. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ (pólíò) àti èéyi máa ń wà lórí káàdì wa, ṣùgbọ́n iléèwé Maine tún ń béèrè ti ṣegede àti ti ṣíkìn-pọ́ọ̀sì, méjèèjì kò sì sí lára àwọn tí ilé ìlera ìjọba ń fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà. Àyẹ̀wò ìlera fún físà aṣíkiri máa ń bójú tó púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí, kí wọ́n gba ẹ̀dà ìwé rẹ̀ pamọ́. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn wọ́n pé lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ pásítọ̀ tàbí àlùfáà máa tó. Àyè yẹn ni ìbò 2020 pa dé.